Igbe Àìrán: Gìtá Oníná, Agolo Àfọwọ́ṣe àti Etí Yorùbá

Àwọn àgbà ní ìlù tí ó bá dún àdúnjù, yíya ni yóò ya. Ìkìlọ̀ ni òwe yìí, a kì í pa á láti fi yin onílù. Ṣùgbọ́n bí a bá tọ ipasẹ̀ gìtá oníná padà sẹ́yìn, a ó bá a pé ẹ̀yìn ìgbà tí ìlù ya gan-an ni irú orin kan tí ó wá gba ayé kan bẹ̀rẹ̀. Nínú orin Marty Robbins kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1961, apá kan bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ ní Nashville. Ohùn gìtá tí Grady Martin ń ta sì ha, ó ń kùn bí oyin tí a fi ọ̀pá tọ́ nílé. Wọn kò pa á rẹ́. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Glenn Snoddy, ẹni tí ó wà nídìí ẹ̀rọ náà, wá ronú bí a ṣe lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tí ìbàjẹ́ ṣe, nígbà tí ó sì di 1962, ilé iṣẹ́ Gibson gbé àpótí kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní Maestro Fuzz-Tone. Ní 1964, Dave Davies ti ẹgbẹ́ Kinks ní Lọ́ńdọ̀nù fi abẹ fa ojú sípíkà rẹ̀ ya. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Keith Richards fi ẹsẹ̀ tẹ àpótí Gibson náà nínú orin Rolling Stones kan tí ayé gbọ́ dé kọ̀rọ̀, láti ìgbà náà sì ni gbogbo onígìtá ti ń wá irú rẹ̀ kiri.

A lè sọ nígbà náà pé fuzz ni ohùn ìlù tí ó ti ya. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín kì í ṣe kíkùn yẹn fúnra rẹ̀, bí kò ṣe ohun tí ó máa ń bá a rìn: igbe tí irú àpótí bẹ́ẹ̀ ń ké nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan okùn gìtá. Àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe àpótí fuzz mọ igbe náà dáadáa. Ó lè súfèé bí yànmùyánmú létí ẹni tí ó fẹ́ sùn. Ó lè hu bí ajá. Ó lè máa dún pù-pù-pù bí ọkọ̀ ojú omi alẹ́ńjìnnì. Mo pè é ní igbe àìrán, nítorí pé iṣẹ́ tí a kò rán ẹ̀rọ ni. Ṣé orin ni igbe náà, àbí àìsàn? Ta ni ó sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ èyí tí ó jẹ́? Ẹ má ṣe rò pé ìbéèrè ọ̀lẹ ni. Mo mọ ọmọkùnrin kan ní Ìkẹ́nnẹ́ tí ìdáhùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gìtá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo etí tí a fi ń gbọ́ nǹkan. Àwọn kan máa ń sọ pé ohùn tí ó mọ́ gaara ni Yorùbá fẹ́, pé ariwo Òyìnbó ni kíkùn gìtá. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì dúró ti ìyá ìlù dùndún rí. Kí ni ṣaworo ń ṣe lára ìyá ìlù? Bí onílù bá lu awọ, awọ á sọ̀rọ̀, idẹ wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn á sì dá sí i, wọ́n á fi ìró wínníwínní wé ọ̀rọ̀ náà léti. Kò sí ẹni tí ó ní kí a tú ṣaworo kúrò kí ọ̀rọ̀ lè mọ́ sí i. Ohùn tí ó ní ẹlẹgbẹ́ ni etí wa ń fẹ́, àní nínú ọ̀fun ènìyàn pàápàá: ohùn akọrin àpàlà tí ó ha díẹ̀ máa ń wọ̀ wá lára ju ohùn tí a fọ̀ bí abọ́ tánganran lọ. Etí tí ó mọ ṣaworo kò ní kí fuzz máa lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn baba ńlá kan náà ni wọ́n ń fi ìda lẹ ojú òjò bàtá. Òjò ni ojú ìlù tí ó tóbi. Ìda tí a lẹ̀ mọ́ àárín rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ìró náà máa fà gùn lẹ́yìn tí ọwọ́ ti kúrò. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: níhìn-ín a so idẹ mọ́ ìlù kí ohùn lè pọ̀, lọ́hùn-ún a lẹ ìda mọ́ ìlù kí ohùn lè dín. Kò sí ìtakora níbẹ̀. Ṣaworo ń dákẹ́ nígbà tí onílù bá dákẹ́. Ìró tí ìda ń pa ni èyí tí ó ń bá ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lọ nígbà tí onílù ti parí tirẹ̀. Mo gbà pé ìyàtọ̀ yìí ni a lè fi ṣe ìdájọ́ nínú ọ̀rọ̀ gìtá pẹ̀lú, ó sì dára ju èyí tí a máa ń fi ẹnu lásán ṣe láàárín orin àti ariwo.

Gìtá oníná kì í ṣe àlejò àná láàárín wa. Ní 1949 ni Àyìndé Bákárè ti so gìtá mọ́ iná nínú orin jùjú, kí ohùn rẹ̀ lè dúró láàárín ìlù tí ń pọ̀ sí i. Láti ìgbà náà ni gìtá ti di ẹni tí ń bá gángan sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé gìtá ní láti lè pe ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ kí etí tó mọ èdè lè tú u. Fuzz kò ba èyí jẹ́, bí onígìtá bá ń ta okùn kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ó ń sọ ohùn di líle, ó ń mú kí ìparí rẹ̀ pẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ohùn náà wà lórí àkàbà kò yí padà. Bí a bá ta okùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa ń lọ́ mọ́ra bí àmàlà tí kò dán, nítorí pé ẹ̀rọ náà ń bí àwọn ohùn mìíràn láti inú àkópọ̀ wọn, ohùn tí kò sí lórí okùn kankan. Ìdí kan nìyí, lójú tèmi, tí fuzz kò fi ráyè tó bẹ́ẹ̀ nínú jùjú, níbi tí gìtá mélòó kan ti ń hun ara wọn pọ̀.

Àwọn tí ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ Èkó ìbẹ̀rẹ̀ 1970 sókè. Ẹgbẹ́ BLO, ti Berkley Jones, Láolú Akins àti Mike Odumosu, gbé àwo Chapter One jáde ní 1973. Ní ọdún kan náà ni Ọ̀fẹ̀gẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ St. Gregory's College ní Èkó, gbé Try and Love jáde lábẹ́ àmójútó Odion Iruoje ní ilé iṣẹ́ EMI. Ẹni tí ó bá gbọ́ gìtá inú àwo Ọ̀fẹ̀gẹ̀ yóò gbọ́ fuzz tí a ta ní okùn kọ̀ọ̀kan, tí ó ń kọrin bí ènìyàn. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n etí wọn kì í ṣe etí ọmọdé. Wọ́n mọ ìgbà tí ó yẹ kí gìtá náà dá ẹnu dúró.

Ọmọkùnrin tí mo wí lẹ́ẹ̀kan ń tún rédíò àti fóònù ṣe ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó ti Ìkẹ́nnẹ́ lọ sí Ṣágámù. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì kan. Àpótí fuzz tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun wọ́n kọjá agbára rẹ̀, nítorí náà ó wá àwòrán ìsopọ̀ kan, èyí tí ilé iṣẹ́ Arbiter ní Lọ́ńdọ̀nù kọ́kọ́ tà ní 1966 ní orúkọ Fuzz Face. Tíránsísítọ̀ méjì péré ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú èlò kéékèèké tí kò tó méjìlá. Ó tú rédíò tí ó ti kú, ó kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ike ọṣẹ kan. Ó kùn dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn gìtá ni súfèé bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí orin bá ń lọ, ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ọ. Ìgbà tí àdúrà jẹ́jẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ ni ike ọṣẹ ń dá sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn alàgbà ní kí ó yan ọ̀kan: yálà kí ó gbé nǹkan náà sọnù tàbí kí ó gbé gìtá fún ẹlòmíràn.

Kò yà mí lẹ́nu pé Ìkẹ́nnẹ́ ni mo ti rí irú rẹ̀. Níbẹ̀ ni Tai Solarin ti dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní 1956, Solarin kò sì fi ojú rere wo ẹ̀kọ́ tí kò bá dé ọwọ́. Ọmọkùnrin yìí kò lọ sí Mayflower, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ìlú kì í yan ẹni tí yóò fẹ́ sí. (Bí Solarin, tí ó kú ní 1994, bá wà láàyè, mo rò pé lẹ́tà tí ì bá kọ sí àwọn alàgbà wọ̀nyẹn kò ní ṣeé kà sókè nínú ilé Olúwa.)

“Bàbá,” ni ó wí fún mi, “ẹ wá fi etí ara yín gbọ́ ọ. Mo ti pààrọ̀ tíránsísítọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin.” Mo sọ fún un pé kí ó fi ìpààrọ̀ sílẹ̀ ná. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò kì í bẹ̀rẹ̀ sí í tú páànù kí ó tó mọ ibi tí omi ń bá wọlé. Èyí gan-an ni àbùkù tí mo máa ń rí lára púpọ̀ nínú iṣẹ́ àfọwọ́ṣe wa: ọwọ́ yá ju etí lọ. A ti pààrọ̀ nǹkan mẹ́ta kí a tó bi ẹ̀rọ léèrè ohun tí ń dùn ún.

Kí a lè bi í léèrè, ó yẹ kí a mọ ohun tí igbe náà jẹ́. Iṣẹ́ àpótí fuzz ni láti gba ohùn kékeré láti ara gìtá kí ó sọ ọ́ di ńlá tó bẹ́ẹ̀ tí orí rẹ̀ yóò fi kan àjà, tí yóò sì di pẹlẹbẹ. Ẹ jẹ́ kí a ní ó ń sọ ọ̀kan di 500. Bí ìdá kan ṣoṣo nínú 500 ohun tí ó ń jáde bá yọ́ gba ẹ̀yìn padà sí ẹnu ọ̀nà, tí ó sì dojú kọ ibi tí ohùn àkọ́kọ́ kọjú sí, ẹ̀rọ náà yóò tún sọ ọ́ di odidi, ìdá kan nínú rẹ̀ yóò tún yọ́ padà, kò sì ní sí ohun tí yóò dá a dúró mọ́. Heinrich Barkhausen, onímọ̀ ará Jámánì, ti ṣe ìṣirò èyí ní nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn, ìṣirò rẹ̀ kò sì tíì yẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń ké ni ẹ̀rọ tí ó ti di olùgbọ́ ara rẹ̀.

Nínú Fuzz Face, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i nítorí ohun kan tí ó dùn mọ́ mi nínú nígbàkigbà tí mo bá ronú rẹ̀. Tíránsísítọ̀ kìn-ín-ní ń yí ohun tí ó gbà sódì: èyí tí ó ń gòkè di èyí tí ó ń sọ̀kalẹ̀. Èkejì tún yí i sódì. Òdì inú òdì di títọ́. Nítorí náà ohun tí ó jáde kọjú sí ibi kan náà pẹ̀lú ohun tí ó wọlé, bí wáyà ìjáde bá sì sún mọ́ wáyà ìwọlé, kò ní bá a jà; ṣe ni yóò gbè é lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ ìdí tí súfèé fi ń dákẹ́ nígbà tí orin ń lọ. Bí okùn gìtá bá ń dún kíkankíkan, ohùn rẹ̀ ti kún ẹ̀rọ dé ọrùn, kò sí àyè fún ohun wẹ́wẹ́ tí ń yọ́ padà. Ìgbà tí okùn bá dákẹ́ ni agbára ẹ̀rọ tún pé pérépéré, tí ó sì ń wá ẹni tí yóò lò ó fún.

A kọ́kọ́ yọ ọ̀rọ̀ yàrá kúrò. Igbe kan wà tí sípíkà ń gbà láti ara afẹ́fẹ́ kọ lu gìtá, tí gìtá sì ń dá padà fún sípíkà. A mọ̀ ọ́n nítorí pé bí onígìtá bá tẹ́ ọwọ́ lé okùn tàbí tí ó bá yí ẹ̀yìn padà, ó máa ń yí ohùn padà tàbí kí ó kú. Ọmọkùnrin náà tẹ́ ọwọ́ lé okùn, súfèé kò mira. Igbe kan tún wà tí ń ti inú píkọ́ọ̀pù jáde, ìyẹn òòfà tí a fi wáyà bàbà tín-ín-rín wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lábẹ́ okùn gìtá. Bí wáyà náà bá rọ̀, ó máa ń gbọ̀n nígbà tí ohùn bá pọ̀ nínú yàrá. Kí ni àwọn tí ń ṣe gìtá ń fi wò ó? Wọ́n ń rì í sínú ìda gbígbóná kí wáyà má bàa lè mì mọ́. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìda kan náà, àìsàn kan náà, láàárín onílù bàtá àti ẹni tí ń wé wáyà ní Amẹ́ríkà. Kò sí ẹni tí ó kọ́ èkejì. Ṣùgbọ́n a fi èékánná kan píkọ́ọ̀pù ọmọkùnrin yìí, kò kùn sí wa. Inú àpótí ni ọ̀rọ̀ wà.

Bátìrì ló kàn. Bátìrì oníná 9 tí ó ti gbó lè ṣì máa fi agbára hàn lójú ìwọ̀n, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti há. Bí tíránsísítọ̀ kejì bá bù nínú rẹ̀, ti èkíní á dín kù, èkíní á sì rò pé ohùn ni a rán sí òun. Láti ibẹ̀ ni pù-pù-pù ti máa ń wá. Oògùn rẹ̀ ni capacitor ńlá kan, bíi 100 microfarad, tí a so mọ́ orí àti ìdí ọ̀nà iná. Iṣẹ́ àmù ni ó ń ṣe: bí omi ẹ̀rọ bá ń kán díẹ̀díẹ̀, ẹni tí ó ní àmù kíkún nílé kò ní mọ̀. Ó yani lẹ́nu bí àwòrán àtijọ́ ṣe máa ń fo capacitor yìí, bóyá nítorí pé bátìrì tuntun kò wọ́n lọ́dọ̀ àwọn tí ó yà á. Bí ènìyàn bá wá lọ fi ẹ̀rọ tí ń gba iná NEPA, tàbí iná jẹnẹrétọ̀, rọ́pò bátìrì nínú àwòrán bẹ́ẹ̀, ìkùn iná fúnra rẹ̀ yóò tún bá wọn wọlé. Ọmọkùnrin náà fi capacitor sí i. Igbe náà sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, kò lọ.

Mo ní kí ó mú pákò gbígbẹ kan, kí ó má ṣe mú irin, kí ó fi máa ti wáyà inú ike náà lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí igbe bá ń lọ lọ́wọ́. Nígbà tí pákò kan wáyà tí ó ti ibi ìwọlé wá, súfèé gòkè; nígbà tí ó tì í jìnnà sí wáyà ìjáde, súfèé rọlẹ̀ bí ẹni tí a gbá lẹ́nu. Ojú ọmọkùnrin náà là. Ó ti di wáyà méjèèjì pọ̀ mọ́ra kí inú àpótí lè rí mímọ́ tónítóní! Ìmọ́tótó ojú ni ó ń fa ariwo etí. A tú wọn, a fi wáyà tí ó ní aṣọ bàbà rọ́pò èyí tí ń wọlé, a sì so aṣọ náà mọ́ wáyà ilẹ̀ ní ojú kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà a kó gbogbo rẹ̀ kúrò nínú ike ọṣẹ, a kó o sínú agolo mílíìkì oníyẹ̀fun, tí òun náà so mọ́ wáyà ilẹ̀. Ike kò lè dá nǹkan kan dúró. Irin tí a kò sì so mọ́ ilẹ̀ kò sàn ju ike lọ púpọ̀.

Ó ku ohun kan, òun ni ó sì kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Súfèé ti lọ, ṣùgbọ́n ohùn gìtá ń ṣe kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, àti pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a ń gbọ́ ẹni tí ń ka ìròyìn láti ilé iṣẹ́ rédíò kan. Tíránsísítọ̀ jámáníọ̀mù ni àwọn tí ó ya àwòrán àkọ́kọ́ lò; irú èyí tí ń jẹ́ AC128, fún àpẹẹrẹ, etí rẹ̀ kò jìnnà ju nǹkan bíi megahertz kan sí méjì lọ. Wọ́n ṣọ̀wọ́n nísinsin yìí, ooru ọ̀sán wa sì máa ń yí wọn lọ́kàn padà. Èyí tí ọmọkùnrin náà lò ni sílíkọ̀n, irú BC108, tí ó ń gbọ́ ohun tí ó ju 100 megahertz lọ. Igbe lè máa lọ lókè réré tí etí ènìyàn kò dé, kí ohun tí à ń gbọ́ sì jẹ́ òjìji rẹ̀ nìkan. Capacitor kékeré kan, 47 picofarad tàbí 100, láti ìdí àbájáde tíránsísítọ̀ kìn-ín-ní padà sí ẹnu rẹ̀, ti tó láti dí etí náà. Oníṣẹ́ ìròyìn dákẹ́. Àwòrán kò yí padà láti 1966. Ohun tí a fi ń kọ́ ọ ni ó ti yí padà, ẹni tí ó bá sì da ìsopọ̀ àtijọ́ kọ láì mọ̀ pé èlò òde òní ní etí ajá yóò máa bá iwin jà. Bákan náà ni bí onígìtá bá gbé àpótí wah síwájú irú fuzz yìí: àwọn méjèèjì yóò máa súfèé bí a kò bá fi ohun kékeré kan dá wọn sí méjì.

Ibi tí mo fẹ́ kí àríwísí mi dé gan-an nìyí. Láti bí ogún ọdún sí ìsinsin yìí, àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun ti ń tún àwo Nàìjíríà ti 1970 sókè tẹ̀. Àkójọ Nigeria Rock Special tí Soundway gbé jáde ní 2008 tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ fuzz sínú àkọlé rẹ̀. Iṣẹ́ rere ni, a dúpẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ àwo wọ̀nyẹn ì bá ti jẹrà. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ń kọ̀wé nípa àwọn orin yìí bí ẹni pé ohunkóhun tí ó bá hu, tí ó bá há, tí ó bá kùn nínú wọn, ẹ̀mí igbó Áfíríkà ni ó ń sọ̀rọ̀. N kò lè gba èyí. Ẹ̀gàn tí a wọ aṣọ ìyìn fún ni. Ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ onígìtá, ó ń gbé e fún ìwà ẹ̀dá. Berkley Jones yan fuzz. Ó sì yan ìgbà tí yóò pa á. Bí ìkùn kan bá sì wà lórí àwo kan nítorí pé iná kò dúró tàbí nítorí pé ẹ̀rọ ti gbó, kí a pè é ní ìkùn iná, kí a bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ó ṣe orin rere láìka ìyẹn sí.

N kò sọ pé igbe àìrán kò lè di orin. Jimi Hendrix dúró níwájú ańpilifáyà rẹ̀ ní Woodstock ní 1969, ó ń fi ara rẹ̀ wọn ọ̀nà tí ó wà láàárín gìtá àti sípíkà, igbe sì ń lọ sí ibi tí ó rán an. Ní 1995, ilé iṣẹ́ Z.Vex ní Amẹ́ríkà gbé Fuzz Factory jáde, àpótí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kí ó lè máa ké fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ohun ìyípo márùn-ún tí a fi ń darí igbe náà. Owó gidi ni àwọn ènìyàn ń san fún ohun tí ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ fẹ́ san owó láti pa. Ẹni tí ó bá rí èyí lè ní kí ó má ṣe wo àpótí rẹ̀ sàn mọ́, pé ayé ti gbà á bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn tí kò sunwọ̀n ni. Ohùn igbe àìrán kan ṣoṣo ni capacitor àti wáyà yàn fún un. Kò mọ òkè, kò mọ ìsàlẹ̀, kò lè pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Nínú èdè tí igbá, igba àti igbà kò jọ ara wọn, ẹ̀rọ tí ó takú sórí ohùn kan ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìjíròrò. Ẹni tí yóò fi í ṣe orin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lè pa á. Àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì jàre dé ibẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ ìdí tí wọ́n fi jàre. Ibi tí wọ́n ti jẹ̀bi ni pé wọ́n rò pé gbogbo kíkùn ni súfèé. Ṣé wọn kò ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni?

Agolo mílíìkì náà ti ń lọ sí ìsìn báyìí. Ó ń kùn nígbà orin, ó ń dákẹ́ nígbà àdúrà, kò sì sí ẹni tí ó tún mẹ́nu kàn án. Nígbà tí mo yà lọ́dọ̀ ọmọkùnrin náà kẹ́yìn, ó fi ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lu lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo hàn mí: bọ́tìnnì kékeré kan, tí ó bá tẹ̀ ẹ́, ìdá díẹ̀ nínú ohun tí ń jáde á gba inú ohun ìyípo kan padà sí ẹnu ọ̀nà, igbe á bẹ̀rẹ̀, á máa gòkè á máa sọ̀kalẹ̀ bí ó bá ti ń yí i; bí ó bá gbé ìka kúrò, kẹ́kẹ́ á pa. Ó ti ń gbìyànjú láti fi pe orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ kò tíì dúró dáadáa.